Àdúrà Aboyún tí Àǹtí Hassanat Ṣe fún Oníṣọ́ọ̀bù

Ẹ wá wo Àǹtí Hassanat wa! Aránṣọ ni, ọmọ Ìlọrin, ó sì ti pẹ́ ní Rumuola níbí, nílẹ̀ àwọn Ikwerre. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó bá ń kọjá, ì báà jẹ́ Ikwerre, ì báà jẹ́ Igbo, yóò gba àdúrà tirẹ̀. Ẹ sì mọ̀ wá, ọmọ Yorùbá gidi kì í rí aboyún kó kọjá láìṣàdúrà fún un. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 2016, onílé ní kí Àǹtí kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí agbára rẹ̀ ká. Obìnrin kan, ọmọ ìlú Okrika, tó ń jẹ́ Ibiere ló ni ín, a ò rí i rí. Ó ní òun máa wá wo ojú ẹni tó fẹ́ gbà á. Bí kò bá fún un, Àǹtí ń padà sí Ìlọrin nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó ní òun ń bọ̀, a wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin kan sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó wọ bùbú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Àǹtí ò bèèrè ohunkóhun.

"Madam, well done o! You go born well! Na mama voice and pikin voice we go hear!"

Obìnrin náà dúró. "Born wetin?"

"Belle nau!"

"Which belle? Na eba I chop so!"

A bú sẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó ní, "Me na Ibiere. I come see my shop." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Níkẹ́, oníbàárà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, já Àǹtí léèékánná lápá: "Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ yáa sọ pé ẹ̀ ń ṣàwàdà ni."

Àǹtí kúnlẹ̀. "Madam, abeg no vex. Na my eye make mistake. But the prayer, I no dey collect am back. For our side, we no dey carry prayer return house."

Ibiere jókòó sórí àpótí. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Àdúrà náà ti sú ìyá tó bí òun pàápàá.

"And you wey no know me sef..." Ó mí kanlẹ̀. "Pray am again. Use your own language."

Háà! Àǹtí bọ́ tépù lọ́rùn. "Ọlọ́run ò ní gbàgbé rẹ. Wàá gbọ́mọ pọ̀n, wàá gbọ́mọ jó. Ẹni tó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín á wá bá ọ yọ̀." Mùsùlùmí ń ṣàdúrà, Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe àmín, sí èdè tí kò gbọ́! Níkẹ́ tó ń já èèyàn léèékánná lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń ké àmín jù. Orí mi wú!

Ibiere nujú, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lára ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí Àǹtí.

"But I get one condition o. If I dey pass, no look my belle first. Just dey pray."

Kó tó sọ ọ́ tán, Àǹtí ti tún bẹ̀rẹ̀.