Ìyàwó Wa Ń Bẹ̀ Mí Fún Ẹ̀bi Mi

Ojú ń tì mí, ẹ má tíì bú mi.

Lónìí, bátìrì kú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò ṣíná. Àjẹ̀ ló fi wà á dé Igbókòdá.

Mo jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ lo fi bátìrì yẹn ṣáàjì fóònù!"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Bóyá mo gbàgbé láti yọ ọ́ ni."

Mo wá yẹ kóòdù, àṣẹ kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi nínú ọkọ̀ náà wò. Kóòdù yìí ló ń tan iná bátìrì sí ẹ̀rọ náà àti aago inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò dáhùn, kóòdù mi á kàn parí iṣẹ́, kò ní pa ohun tó tàn, ìyẹn á sì máa fa bátìrì títí á fi kú.

Ìyàwó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, àti ẹja wá láti fi bẹ̀ mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ ẹ́?