Ìlà Tí Mo Kọ Nítorí Fọlákẹ́

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń bá kọ̀ǹpútà jà nìyẹn, òun ló sì ń borí. Orúkọ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Fọlákẹ́ Adéwọlé. Mo ń rí i nínú ìwé àwọn tó yege, mo tún ń rí i nínú ìwé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún sísin ìlú. Síbẹ̀, ètò tí èmi fúnra mi kọ ń sọ pé orúkọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì ń yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò láàárín àwọn àgùnbánirọ̀.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Fọlákẹ́ ti Àbígì wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọdún bíi mélòó kan ló fi tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kó tó wọlé ìwé, ọjọ́ orí sì ti ń lé e bọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ó ní, “bí mi ò bá bá àwọn yìí lọ, màá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí wọ́n tó pe àwọn mìíràn. Wọn ò ní gbà mí mọ́. Ìyá mi ń retí àtirí mi nínú kakí.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ta ni yóò fi ọkàn tèmi balẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá kó sínú kọ̀ǹpútà, sítíríǹgì là ń pè é: lẹ́tà tí a sín tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ti ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń tún sítíríǹgì ṣe, wọ́n kó wọn sínú láíbúrárì, àwa kàn ń yá wọn lò ni. Ọ̀kan nínú wọn ni tírímù, tó máa ń gé àyè òfìfo kúrò ní etí ọ̀rọ̀.

Àyè òfìfo gan-an ni mo bá lẹ́yìn orúkọ Fọlákẹ́, tí kọ̀ǹpútà ń kà mọ́ orúkọ náà, mo sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Àwọn tó kù fọwọ́ ara wọn tẹ orúkọ wọn. Òun nìkan ló pẹ́ dé, Màmá Òjòwò, akọ̀wé àgbà ọ́fíìsì wa, ló bá a tẹ tirẹ̀. Orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni Màmá ti kọ́ṣẹ́, ní Òkè-Àgbò. Bó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ tán, yóò na àtàǹpàkò lu bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ tó ń fi àyè sílẹ̀, gbì! Ó ní ọ̀rọ̀ tí a ò bá fún láyè, a ò tíì parí rẹ̀.

A ò lè fọwọ́ pa àyè náà rẹ́, torí wọ́n ti ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ pa: wò ó ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo bá yá tírímù. Mo ní kó gé e. Kò gé e. Mo tún un kọ, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án, mo tiẹ̀ gbàdúrà. Pàbó! Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá èmi ni mi ò mọ̀wé.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo gbà fún Ọlọ́run. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò ṣeé yanjú. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni mo ṣì kọ, mo bá gbé e fún Màmá kó bá mi tún un ṣe. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo padà lọ, mo mú lẹ́tà mi, mo kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

“Bùkọ́lá! Ibo lò ń gbé ìyẹn lọ?”

“Ọ̀dọ̀ ọ̀gá, mà. Ṣebí ẹ ti tún un ṣe?”

“Mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n ṣé mo fọwọ́ kan tìrẹ? Láti ọjọ́ tí mo ti ń tẹ̀wé, mi ò pa nǹkan kan rẹ́ lórí ìwé oníwèé rí. Tuntun ni mo máa ń tẹ̀. Òun nìyí lórí tábìlì tó ń dúró dè ẹ́, o ò gbà á, àlòkù tó láṣìṣe lo gbá mú!”

Mo dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ṣé ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn? Mo ju lẹ́tà náà sílẹ̀, mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà mi.

“Éèti rí?” Màmá ń pariwo lẹ́yìn mi. “Kí ló dé?”

Sítíríǹgì kì í yí padà, ẹ̀yin èèyàn mi. Tírímù kì í fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Tuntun tó mọ́ ló ń ṣe, tó sì ń nà sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó ti ń gé àyè yẹn fún mi láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mi ò nawọ́ gbà á. Mo kọ ìlà kan ṣoṣo láti fi gbà á, orúkọ Fọlákẹ́ sì jáde.

Mo jáde lọ sọ fún un. “Ṣé ó dájú, mà?” ló bi mí. “Ṣé kò tún ní yọ mí?” Nígbà tí mo ní rárá, ó dojú bo itan rẹ̀, ó sunkún títí omi fi bọ́ lójú èmi náà.

Màmá bi mí lẹ́yìn náà pé kí ló ṣe orúkọ ọmọ yẹn. Mo ní ẹ̀rọ ni. Mi ò sọ ti àyè fún un títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, orúkọ ara rẹ̀ ló tẹ̀ kẹ́yìn, sínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn tì, tí ètò mi yóò yẹ̀ wò. Mo gbọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ níparí: gbì! Ètò náà gbà á wọlé.