Báàgì Tó Wà Lábẹ́ Àga

Kì í tètè gba báàgì lọ́wọ́ ẹni. Á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kan ìdí rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná. Á dúró. Ojú ẹni tó gbé báàgì wá ni yóò máa wò, kì í ṣe báàgì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ̀rọ̀ tó di orúkọ mọ́ ọn lára:

"Tú u wò."

Tú-u-Wò ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláìsàn tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kì í bínú sí i. Tábìlì onírin kan ló wà níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó ń ṣọ́, ife kan sì wà lórí rẹ̀ tí ṣíbí kún inú rẹ̀. Àwọn ṣíbí yẹn ni àlejò kì í fẹ́ rí. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ tàbí omi wá fún aláìsàn gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀ kó tó wọlé. Ilé ìwòsàn kọ́ ló ṣe òfin yẹn. Òun ló dá a sílẹ̀, ó sì rọrùn: ẹni tó bá mọ̀ pé ohun tó wà nínú fúláàsì òun kì í ṣe oúnjẹ, kò ní í fi sẹ́nu.

"Ọbẹ̀ tí mo gbé wá fún ìyàwó mi ni, ìyá," ni bàbá arúgbó kan wí fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ṣé èmi ló yẹ kí n jẹ ẹ́?"

"Ṣíbí kan péré ni, bàbá."

"Ta ló ń fi bọ́ǹbù se ọbẹ̀?"

"Ẹ tọ́ ọ wò."

Bàbá tọ́ ọ wò. Ó di ojú pinpin. "Yéè! Ọmọ mi ò fi iyọ̀ sí i rárá. Bọ́ǹbù gan-an sàn jù ú lọ."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Tú-u-Wò náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mú ṣíbí mìíràn, ó fi ro inú fúláàsì náà dé ìsàlẹ̀ kó tó dé e padà.

Ní orílẹ̀-èdè wọn, bọ́ǹbù ni àwọn èèyàn fi ń rántí ọdún. Wọ́n á ní wọ́n bí ọmọ kan lẹ́yìn ti ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí pé àwọn kan ṣègbéyàwó kó tó di ti ibùdókọ̀. Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ṣáájú. Inú ẹrù tí wọ́n fi okùn dì ló wà. Ọmọdé ni Tú-u-Wò nígbà náà. Lẹ́tà tí iná ti jẹ létí ń já bọ́ sórí òrùlé wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ gbá wọn jọ, ó sun ìyókù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ń bá ẹlòmíràn gbé ẹrù tí a fi okùn dì.

Abẹ́ àga ni ti ibùdókọ̀ wà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ àga kí wọ́n tó jókòó. Àgbàlagbà tí eékún ń dùn á bẹ̀rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, á sì fi ìtìjú dìde.

Inú fúláàsì ni ti báǹkì wà. Òun ló mú ọkọ rẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹnì kan tó ń tún bàtà ṣe ní òdìkejì títì ló rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní ọkùnrin kan gbé fúláàsì dé, ó dúró, ó tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú ìdúró. Ará ilé ńkọ́?" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó di ilẹ̀kùn mú fún un kó wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọjá lọ́dọ̀ Tú-u-Wò tó lejú koko, kì í dá a dúró pẹ́. Ẹni tó bá kí i dáadáa ni yóò tú ẹrù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Wọn ò sọ iye ṣíbí tó yẹ kéèyàn máa mu.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ó ti dé ọjọ́ orí tí àwọn ẹbí kì í béèrè ọkọ lọ́wọ́ ẹni mọ́, tí wọ́n kàn ń wo ẹni tìyanutìyanu. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó mú ọkùnrin kan wálé.

"Ẹ kú ilé o, màmá," ni ọkùnrin náà wí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì tẹrí ba. "Ẹ kú àìsinmi. Ẹ kú ìdúró ojoojúmọ́. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ń dùn yín."

Ó kí i dé ẹsẹ̀.

Báàgì dúdú kan wà lọ́wọ́ àlejò náà. Tú-u-Wò na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ìdí rẹ̀.

"Tú u wò."

"Màmá!" ni ọmọ rẹ̀ kígbe.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀yin lẹ nilé, màmá." Ó kúnlẹ̀, ó ń kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, bátìrì tó kéré bí hóró ẹ̀wà, àwọn irinṣẹ́ tó dà bíi ti ẹni tó ń tún aago ṣe. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tí etí wọn di ń fi sétí ni ó ń tún ṣe. Lẹ́yìn bọ́ǹbù mẹ́ta, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán lọ́wọ́ ẹni. Ó mú ìgò omi rẹ̀ jáde, ó mu nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ní kó mu. Ìyẹn gan-an tún kọ Tú-u-Wò lóminú: ta ló kọ́ ọ?

Ó ku àpò kékeré kan nínú báàgì náà. Àgádágodo bíńtín wà lẹ́nu síìpù rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Kò bínú. Ó kàn gbé ọwọ́ lé àpò náà.

"Màmá, gbogbo ìyókù ni mo tú sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ tèmi."

Wọ́n jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ìyá àti ọmọ dúró nídìí abọ́ tó yẹ ní fífọ̀.

"Ọkùnrin méjì ni mo ti mú wá sílé yìí rí," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ rántí wọn?"

"Mo rántí."

"Àkọ́kọ́, ẹ lọ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Èkejì, ẹ tú àpò kóòtù rẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́."

"Ó wúwo ní ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ìwé àdúrà ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, màmá." Ó gbé abọ́ kan kalẹ̀, ó rọra ṣe é. "Èyí, mi ò ní jẹ́ kó lọ. Bí ẹ bá ṣí àpò yẹn, èmi ni màá lọ. Ẹ ò ní rí mi mọ́ nílé yìí."

Tú-u-Wò mọ ọmọ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, rédíò ní bọ́ǹbù ti dún ní ìlú kejì, nínú ọjà. Wọn ò tíì mọ ẹni tó gbé e wá. Àwọn tó rí i ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dé. Ó kí i, ó gba omi, ó mu ún. Ó ti báàgì dúdú náà sábẹ́ àga tó jókòó lé. Nígbà tó yá, ó wo aago, ó dìde.

"Mo ń bọ̀, màmá," ó ní, ó sì jáde.

Tú-u-Wò jókòó. Ó retí rẹ̀. Ó dìde, ó wo ìta, kò rí i. Ó mú fóònù, ó pè é.

Abẹ́ àga ni fóònù náà ti dún.

Ó pa tiẹ̀ kíákíá, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri títí ariwo náà fi dákẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Ṣé ó gbàgbé rẹ̀ ni? Àbí ó fi í sílẹ̀ fún òun? Bó bá sì jẹ́ pé ó fi í sílẹ̀ ni, kí ló fẹ́ kí òun ṣe?

Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ó ní òun máa wá pàdé mi ní ibùdókọ̀, ẹrù mi pọ̀," ni ọmọ náà wí. "Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Báàgì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbí."

"Màmá."

"Mo gbọ́."

"Mo ti sọ tèmi." Ó pa fóònù.

Ní ẹ̀yìnkùlé, alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì ń sá aṣọ sórí okùn. Tú-u-Wò jáde sí i.

"Kí ló ṣe ojú yín báyìí? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ ọmọ mi fi báàgì sílẹ̀ lábẹ́ àga, ó jáde lọ."

Ọwọ́ alágbàfọ̀ dúró. "Èyí tó ní àgádágodo?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ògiri wa ò nípọn. Ẹ pe ọlọ́pàá!"

"Tí mo bá pe ọlọ́pàá, ọmọ mi ti lọ nìyẹn."

"Ẹ tú u wò nígbà náà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń tú ti gbogbo ayé! Omi ẹ̀kọ tí mo gbé fún àbúrò mi ní ọsibítù, ẹ mú kí n mu ún dé ìdajì!"

"Tí mo bá tú u, ọmọ mi ti lọ náà nìyẹn."

"Tó bá wá dún ńkọ́?"

Tú-u-Wò bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn ilé.

"Ẹ má bínú o," ni alágbàfọ̀ wí. "Mo fẹ́ràn ọmọ yín gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó báyẹn." Ó ṣa àwọn aṣọ tó ṣì ń ro omi sínú bàsíà, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ilé wá dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà: báàgì tí ẹni tó ni ín kò sí nítòsí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lé èèyàn jìnnà, ẹ pe ọlọ́pàá.

Ó wọlé padà. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga náà, eékún rẹ̀ dún. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún sí ìdí báàgì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti dé abẹ́ àga.

Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè wò.

Ó wo kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì. Ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ó fa báàgì náà jáde, ó gbé e, ó jáde sí títì.

Ó na apá gbọọrọ, ó ń gbé e jìnnà sí ara. Ọ̀nà kò gùn, ṣùgbọ́n apá ti ń ro ó. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ti kó ìjókòó rẹ̀ wá sí oríta wọn láti ìgbà tí báǹkì ti wó. Ó gbé ojú sókè.

"Tú-u-Wò! Ẹ kú ọ̀sán o! Báàgì ta nìyẹn?"

"Ti ọkọ ọmọ mi ni."

"Ẹ ní kí ni?" Ó yí etí rẹ̀ tó gbọ́ràn sí i.

"Ti ọkọ ọmọ mi!"

"Ṣé ẹ ti tú u wò?"

Obìnrin náà gbé báàgì láti ọwọ́ ọ̀tún sí abẹ́ apá òsì. Ó fún un mọ́ra. Ó kọjá lára ọkùnrin náà, ó gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ bá ẹni tó ni ín.