Abọ́ Tí Mo Yà Sọ́tọ̀ fún Ìyá Ọkọ Mi

Ojú tì mí lónìí débi pé mi ò lè lọ kí ìyá ọkọ mi pé ó dàárọ̀.

Nǹkan kan ló yọ sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó dúdú, ó rí ṣákiṣàki. Ẹ̀rù bà mí kó má lọ ran àwọn ọmọ mi tó máa ń bá wọn jẹun. Mo bá ra abọ́ tánganran tuntun fún wọn ní Dùgbẹ̀.

Mo ní, "Màmá, àgbà bíi yín kọ́ ló yẹ kó máa bá ọmọdé du ẹran."

Wọ́n ní, "O ṣeun, ìyàwó mi."

Lónìí la lọ gbọ́ èsì ní ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Wọ́n ti kọ́kọ́ gé díẹ̀ lára nǹkan náà lọ yẹ̀ wò. Dókítà ní irú ohun tó máa ń yọ sára awọ ni, pé ó ṣọ̀wọ́n kó yọ sínú ẹnu, àti pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Màmá ò béèrè oògùn. Wọ́n ní, "Ṣé ó lè ran ọmọdé tá a bá jọ jẹun?"

"Rárá o, Màmá. Kì í ràn."

Wọn ò wojú mi.

Nírọ̀lẹ́, mo bu oúnjẹ tiwọn àti tàwọn ọmọ pọ̀. Màmá fọ abọ́ tánganran náà, wọ́n gbé e fún mi.

"Tọ́jú ẹ̀, ìyàwó mi. Bí nǹkan bá yọ sẹ́nu tìẹ náà lọ́jọ́ kan, mi ò ní bu oúnjẹ fún ọ nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí kò bínú?