Ìyá Mi àti Àpò Ìtọ̀ Tó Ń Ṣòfófó

Ládùúgbò wa ní Igbó-Ọrà, ẹ̀rín ìyá mi kì í fara sin. Bó bá ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé tó bú sẹ́rìn-ín, ará iwájú òde á gbọ́. Nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá, n kò gbọ́ ẹ̀rín náà rárá. Kò lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò bá wa lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lanlate. Omi pàápàá, ó kàn fi ń rin ọ̀fun ni.

Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ìró dúdú mẹ́rin lórí okùn aṣọ. Mo lọ jókòó tì í.

"Màámi, kí ló dé?"

Ó wolẹ̀. "Ìtọ̀ ni. Bí mo bá sín, á dà. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, á dà. Ìgbà mìíràn, tí mo bá kàn gbọ́ tí wọ́n ń da omi sí kẹ́ẹ̀gì, kí n tó dé ilé ìtọ̀, ó ti bọ́. Mo ti padà di ọmọ ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀rúwà.

Dókítà, obìnrin tí ìyá mi tó bí lọ́mọ, kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá àtọ̀gbẹ tàbí àkóràn wà níbẹ̀. Kò sí.

"Màmá, oríṣi méjì ló pa pọ̀ sí yín lára. Ti ẹ̀rín àti sísín yẹn, iṣan tó ń di ẹnu àpò ìtọ̀ ló dẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye ọmọ tẹ́ ẹ bí. Ti ìkánjú tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn omi yẹn, iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín àpò ìtọ̀ àti ọpọlọ ló ń yára jù. Àpò ò tíì kún, ó ti ń sọ fún ọpọlọ pé ó kún."

"Ìyẹn ni pé òfófó ni," ìyá mi dáhùn. Dókítà di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń pa ìtọ̀ mọ́ra, kí ó kà dé márùn-ún, kí ó tó tú u. Ó ní kí ó máa wo aago kó tó lọ tọ̀, kí ó máa fi àkókò kún àárín ìgbà méjì díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa mu omi.

Mo lọ bi àáfà wa náà bóyá ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ lè kírun. Ó ní, "Kí wọ́n ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run kì í ni ẹrú rẹ̀ lára." Ìgbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún ìyá mi ló tó sunkún.

Àìsàn náà kò tíì lọ tán, àmọ́ ó ti dín kù gan-an. Nígbà tí mo tún wálé, mo bá òun àti aládùúgbò méjì níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ lójijì, wọ́n fajú ro.

"Kí lẹ ń ṣe?" mo bi wọ́n.

"Dákẹ́," ìyá mi ní. "A ti kà á dé mẹ́rin."