Ọkùnrin Tó Ń Gbé Kọfí àti Daddy Ọláníyọnu

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin kan ṣoṣo tó lè sunkún bí ìyàwó ilé, kó jiyàn bí ọmọdé, kó sì bú èèyàn bí ìyá ìyàwó kó tó mí kanlẹ̀, ọ̀dọ̀ Daddy Ọláníyọnu ni kí ẹ lọ, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Snellville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ìjọ máa ń pé jọ síbẹ̀ láti wo fíìmù ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá ti wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ojú wọn ò gbé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ọláníyọnu á ka Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀, á sì fi Yorùbá sọ ọ́ ní ohùn oníkálukú. Ọmọ òyìnbó tó ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ nínú fíìmù, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ma" ni yóò máa sọ tó bá ti dé ẹnu Daddy. Kò sí ọmọ tó ń yájú lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àwàdà kan láti Denmark, ti ayé ijọ́un tí fíìmù ò tíì ní àwọ̀. Ìyàwó ilé lọ sinmi létí òkun, ó fi ọkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ìkòkò. Ọkọ jó ẹran, ó ba aṣọ jẹ́, ìyá ìyàwó sì dé láìròtẹ́lẹ̀. Adúláwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tó bá ìyá náà gbé àpótí wọlé, tó sì ń gbé kọfí fún wọn. Kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó pè é lórúkọ, wọn ò sì kọ ọ́ mọ́ àwọn òṣèré níparí.

Èyí dun Ọláníyọnu. Tíṣà ni nílé o, ẹni tí odindi kíláàsì ń dìde kí, ṣùgbọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ṣiṣẹ́ ní Union City, ìka ni ọ̀gá fi ń pè é. Ló bá sọ ọkùnrin tó ń gbé kọfí náà ní Kọ́ládé, ó sì fún un lẹ́nu. Kọ́ládé ń fi ìyá ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́, ó tilẹ̀ ń kọ́ ọkọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àfi kó tún un ṣe.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwafẹ́misí, nọ́ọ̀sì tí kò ní shift lọ́jọ́ náà, wà níbẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín. Inú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ló ti là á mọ́lẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Daddy, ẹ ṣe é dáadáa, no lie. But ọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀. They didn't let him. Tí ẹ bá ń bá a sọ ọ́, ẹ̀ ń bo àwọn tó pa á lẹ́nu mọ́ láṣìírí ni."

"Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí odi?"

"Yes sir. Ẹ jẹ́ ká rí i."

Inú bí bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà á: tóun bá dákẹ́, àwọn èèyàn òun náà ò ní rí ọkùnrin yìí rárá, wọ́n á wò ó bí ẹni ń wo àga. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá yìí ti wù mí jù nìyí: ó lè bínú sí ọmọ, kó sì tún gba ọ̀rọ̀ ọmọ náà rò. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ló lè ṣe é?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà gbé kọfí wọlé, Ọláníyọnu sì panu mọ́.

"Kọ́ládé ńkọ́?" ni Mama Bridget, opó tó máa ń jókòó níwájú, béèrè. "Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?"

"Wọn ò fún un ní ọ̀rọ̀ kankan, ma. Èmi ni mo ń sọ ọ́ látẹ̀yìn wá."

Mama Bridget wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá ìyàwó gba kọfí láìgbójú sókè.

"Wọn ò tilẹ̀ dúpẹ́!" Ó na ọrùn síwájú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sọ. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá ń kí i, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn gan-an gbìyànjú láti dìde.

Ọláníyọnu fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ti dìde, ó ń bá wọn kí i. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ìyá ìyàwó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń sọ.