Omi Tútù fún Ẹni Tínú Ń Bí

Ìgbà ìkẹyìn tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ariwo ni àbúrò náà ń pa lé e lórí.

"Ta ló fi sísọ́ọ̀sì mi gé ike?" Ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé ni ohùn náà ti gbéra, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó bá ẹ̀gbọ́n ní kíṣìnnì níbi tó ti ń fọ abọ́. "Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó ti kú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dákẹ́ o, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ọ̀bẹ ni mi ò rí."

"Ẹ ò rí ọ̀bẹ, ẹ wá rí tèmi. Ẹ ó gbé e lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọn lónìí yìí, kì í ṣe lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín sínú omi ọṣẹ, kò sì gbé nǹkan kan lọ fún un. Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí ìrora fi gbá àbúrò mú láyà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Wọn ò gbé e dé ọsibítù kó tó dákẹ́. Àwọn tó wá kí ẹ̀gbọ́n ń sọ pé ó mà ṣe o, pé ìjà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi pínyà. Kò bá wọn jiyàn. Ó mọ ohun tó ná àwọn méjèèjì kí àbúrò òun tó lè ja irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ọmọge ni àbúrò nígbà tí àìsàn ọpọlọ kọ́kọ́ ṣe é. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ó fi ilé sílẹ̀ láìwọ bàtà, ó sì pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tó padà wálé pẹ̀lú oògùn tí yóò máa lò, ìyá wọn pe gbogbo ilé jọ, ó ṣòfin: bó bá ti gbóhùn sókè, kí wọ́n tètè bu omi tútù fún un, kí wọ́n sì mú un wọlé. Ìfẹ́ ni ìyá fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá kú, omi ò kú. Bí ènìyàn bá tẹ àbúrò lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì figbe ta, omi ti dé. Bí wọ́n bá fi aṣọ rẹ̀ nulẹ̀ tó sì béèrè ìdí rẹ̀, omi. Aládùúgbò pàápàá kọ́ ọ. Bó bá bínú, wọn á wojú ara wọn: "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ àìsàn náà kì í pariwo. Ẹ̀gbọ́n ló rí i, lẹ́yìn tó di opó tó sì kó wá bá àbúrò gbé. Nígbà tí àìsàn tún yọjú, ńṣe ni àbúrò ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́. Á rán aṣọ, á tú u, á tún un rán, tíì á tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹbí ń yìn ín pé ara rẹ̀ ti wá balẹ̀ wàyí. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ní, "Ọmọ yìí ò bá mi ṣàròyé láti ọjọ́ yìí," ló bá mú un lọ rí dókítà. Wọ́n yí oògùn padà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n fi mọ̀ pé ara ti yá ni pé àbúrò ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀.

Síbẹ̀, omi bíbù ti mọ́ ẹ̀gbọ́n náà lára. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù níṣojú oníbàárà, àbúrò mu ún, ó dúró kí oníbàárà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ bí ẹ bá tún gbé omi wá bá mi lójú ènìyàn, màá ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Ta ló máa gbé aṣọ fún ẹni tí wọ́n ń rọ lómi bí ọmọ ọwọ́?"

"Ṣé kí n máa wò ọ́ níran ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n máa bínú bí àwọn yòókù."

Kò pẹ́ sí i tí Màdáámù Oníbúrẹ́dì, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì tó wà ní ìkóríta, gbé kàbà tuntun kan dé. Síìpù rẹ̀ ò pa dé. Ẹ̀gbọ́n ló kọjú sí, bí ẹni pé àga lásán ló wà nídìí ẹ̀rọ.

"Ìyá, ẹ wo ohun tí àbúrò yín ṣe fún mi. Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀ ṣá?"

"Mo wà níbí," ni àbúrò wí. "Èmi ni mo rán an. Èmi ni kí ẹ bi."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í..."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó fún mọ́ yín lára. Mo ní kò ní dáa, ẹ ní kí n rán ohun tí wọ́n bá ní kí n rán. Ẹ má wá gbé e karí oògùn mi."

Ohùn àbúrò ti dé títì. Káfíńtà tó wà lódìkejì gbé ayùn sílẹ̀.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Oníbúrẹ́dì figbe ta. "Wọ́n kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n má gbé aṣọ wá síbí."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó wọlé. Gbogbo wọn mọ ohun tó lọ bù. Nígbà tó fi máa gbé kọ́ọ̀bù omi jáde, àbúrò ti bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ti na ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Kò wo ẹ̀gbọ́n lójú.

Ẹ̀gbọ́n kọjá lára rẹ̀, ó gbé omi náà síwájú Oníbúrẹ́dì.

"Ẹ mumi, Màdáámù."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ń pariwo. Inú ló ń bí àbúrò mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ mu ún, ó tutù dáadáa."

Oníbúrẹ́dì wo kọ́ọ̀bù, ó wo títì. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Ó gbà á, ó mu ún délẹ̀. Káfíńtà ní, "Ìyá, bó bá ṣẹ́ kù, ẹ bá mi fi pamọ́ fún ìyàwó mi." Ẹ̀rín sọ.

Nígbà tó ṣe, Oníbúrẹ́dì kọjú sí ẹni tó rán aṣọ. "Ṣé ó ṣì ṣe é tú?"

"Ó ṣe é tú. Mo fi àlékún aṣọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú búrẹ́dì lẹ ń gbé."

Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àbúrò gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ padà.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá gbóhùn sókè ládùúgbò, wọn á ní kó lọ gba omi lọ́dọ̀ Aránṣọ. Àbúrò lo oògùn rẹ̀, ó sì bínú bó ṣe wù ú: sí káfíńtà nítorí ìyẹ̀fun igi tó ń fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, sí iná tó ń lọ láàárín iṣẹ́, sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọṣẹ́, wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ọ̀gá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, kàbà tí àbúrò tú tó sì tún rán ni Oníbúrẹ́dì wọ̀ wá.

"Aránṣọ bá mi wí dáadáa láyé yìí," ó wí, ojú rẹ̀ kún fómi. "Kò sì sí èyí tí mi ò jẹ̀bi rẹ̀."

Sísọ́ọ̀sì náà wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbé e lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọn.